Dáyámọ́ǹdì: báwo ló ṣe ń dá sísàlẹ̀ ilẹ̀, kí ló sì ń gbé e gòkè wá? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Abẹ́òkúta

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o. Lẹ́sìn ni mo ń ṣe fáwọn ọmọ SS ní Láfẹ́ńwá níbí, físíìsì àti jọ́gíráfì, tá a bá sì ti dé orí òkúta àti ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ dáyámọ́ǹdì kì í jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀, ọmọ kan á béèrè, òmíràn á tún gbà á lẹ́nu ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti fi òkúta gba owó lọ́wọ́ bọ̀dá mi (ẹ máa rí i nísàlẹ̀), àwọn àgbà àdúgbò náà ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà pé kí n ṣàlàyé. Mo wá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan, kẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ lè jókòó kà á dáadáa.

Kí ni dáyámọ́ǹdì gan-an? Òkúta ni àbí irin?

Òkúta ni, àmọ́ òkúta tí ohun kan ṣoṣo wà nínú ẹ̀. Gíránáìtì tí wọ́n ń fọ́ ní kúárì wa níbí, oríṣiríṣi nǹkan ló para pọ̀ di í, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ẹ máa rí funfun, dúdú, àti èyí tó pọ́n díẹ̀. Dáyámọ́ǹdì ní tiẹ̀, kábọ̀n ni, kábọ̀n yẹn náà ló pọ̀ jù nínú èédú tá a fi ń sun àgbàdo, òun náà ló wà nínú lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù tọ́mọ yín fi ń kọ̀wé. Lọ́dún 1772 ni Lavoisier, ará Faransé, fi díńgí ńlá kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí dáyámọ́ǹdì títí tó fi jó, nígbà tó sì di 1797, Smithson Tennant nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé gáàsì tó ń jáde tí dáyámọ́ǹdì bá jó, iye kan náà ni pẹ̀lú ti èédú tí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí átọ̀mù wọn, ìyẹn hóró kéékèèké tójú ò lè rí tó para pọ̀ di wọ́n, ṣe di ara wọn mú. Nínú lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù, átọ̀mù kọ̀ọ̀kan di mẹ́ta mú, gbogbo ẹ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ, ìpele lórí ìpele, bí ewé eéran táwọn ẹlẹ́kọ tò léra wọn lọ́jà Kútọ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tì í báyìí tòkè á yọ̀ kúrò lórí tìsàlẹ̀. Ìyẹn ló ṣe ń kù sórí ìwé. Nínú dáyámọ́ǹdì, átọ̀mù kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò wá sí ìpele tó lè yọ̀ kúrò lórí ìkejì.

Báwo ni ibi tó ti ń dá ṣe jìn tó?

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nǹkan bí 150 sí 200 kìlómítà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. Ẹ ro ìrìn láti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó kẹ́ ẹ tún padà wálé, kẹ́ ẹ wá da ọ̀nà yẹn dúró ṣánṣán sínú ilẹ̀. Ihò tó jìn jù tọ́mọ aráyé tíì gbẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Kola ní Rọ́ṣíà, mítà 12,262 péré ló dé, ooru ibẹ̀ sì ti tó 180 dígírì, irin ìgbẹ́lẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó fojú rí ibi tí dáyámọ́ǹdì ti ń dá rí, àwọn òkúta tó ti ibẹ̀ gòkè wá ló ń ròyìn fún wa.

Ooru ibẹ̀ wà láàárín 900 sí 1,300 dígírì. Prẹ́ṣọ̀ ibẹ̀, ìyẹn bí ẹrù ilẹ̀ ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, tó ìlọ́po 50,000 ti atẹ́gùn tó wà lórí wa níbí. Méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé o. Tí ooru bá pọ̀ jù tí prẹ́ṣọ̀ ò sì tó o, lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù ni kábọ̀n yẹn máa dà. Ẹ fi èyí sọ́kàn torí òun ló máa dáhùn ìbéèrè Olúmọ tó ń bọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé èédú ló ń pẹ́ nílẹ̀ títí tó fi ń di dáyámọ́ǹdì?

Rárá o. Èyí ni mo ń gbọ́ jù, ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà ní prámárì nìyẹn, ó sì dùn mí pé wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Èédú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà l'Énúgu láyé ọjọ́un, igi àti ewé tó jẹrà tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ló di í. Ewéko orí ilẹ̀ ò sì tíì lo 500 mílíọ̀nù ọdún látìgbà tó ti wà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ń wà jáde, bílíọ̀nù kan sí bílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ọdún lọjọ́ orí wọn. Báwo lọmọ ṣe máa bí bàbá? Èédú ilẹ̀ náà ò jìn rárá, ẹ̀bá òkè ilẹ̀ níbí ló wà, kò débi tí ooru àti prẹ́ṣọ̀ yẹn ti pàdé.

Tí kì í bá ṣe èédú, ibo ni kábọ̀n yẹn ti ń wá, kí ló sì ń mú un dì?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé, ẹ fara balẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni kábọ̀n ń gbà dé ìsàlẹ̀. Òmíràn ti wà níbẹ̀ látìgbà tí ayé ti dáyé. Òmíràn sì ti òkè sọ̀ kalẹ̀, torí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun kì í dúró lójú kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn, tó bá lọ pàdé ilẹ̀ míì á rì sábẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹrẹ̀, ìkarahun àti ohun abẹ̀mí tó ti kú sórí ẹ̀ á bá a rì lọ. Kábọ̀n oríṣi méjì wà tí ìwọ̀n wọn fi díẹ̀ ju ara wọn lọ, kábọ̀n 12 àti kábọ̀n 13, bí wọ́n ṣe pín sínú dáyámọ́ǹdì kan ló ń jẹ́ káwọn onísáyẹ́ǹsì fura pé èyí ti òkè wá, èyí jẹ́ ọmọ ìsàlẹ̀.

Nísàlẹ̀ yẹn, kábọ̀n kì í dá rìn. Ó yọ́ sínú omi gbígbóná gan-an àti òkúta yíyọ́ tó ń wọ́ gba àárín òkúta kọjá, nígbà míì ó wà níbẹ̀ bíi gáàsì méténì, nígbà míì bíi kábọ̀n-dàọ́síàìdì. Tó bá wá dé àárín òkúta tó fún un ní ọ́síjìn, tàbí òkúta tó gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ẹ̀, kò ní lè yọ́ sínú omi yẹn mọ́, á já bọ́, á sì dì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró ti àwọn ìyá aláàdìrẹ rí ní Ìtòkú, ẹ ti fojú ara yín rí irú ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó máa ń rí bí omi ewé, yẹ́lò tó fẹ́ jọ gíríìnì, tí wọ́n bá wá nà án sínú atẹ́gùn, lójú yín báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí di búlúù láti etí wá sí àárín. Atẹ́gùn ló fún aró ní ọ́síjìn, aró wá di ohun tí kò lè yọ́ sómi mọ́, ó jókòó sínú òwú aṣọ. Bí kábọ̀n inú méténì ṣe ń di dáyámọ́ǹdì nìyẹn tó bá kan òkúta tó ní ọ́síjìn láti fún un. Èmi ò rí àpẹẹrẹ tó dáa ju èyí lọ, ọjọ́ tí mo sì fi han àwọn ọmọ lẹ́sìn mi ní Ìtòkú, kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè èédú mọ́.

Ó tún jọ àdìrẹ lọ́nà míì. Aláró kì í rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á rì í bọ̀ ọ́, á sá a, á tún rì í bọ̀ ọ́. Dáyámọ́ǹdì náà lè dàgbà díẹ̀, kí omi yẹn tán, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, kí omi míì tún gba ibẹ̀ kọjá, kó tún fi ìpele kan sí i. Tí wọ́n bá gé irú ẹ̀ tí wọ́n sì tan iná àkànṣe sí i, ìpele yẹn á yọ kedere, èyí tínínrín, èyí nípọn.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí ẹ̀?

Wọn ò lè ti ara kábọ̀n yẹn mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí dáyámọ́ǹdì ṣe ń dàgbà ló máa ń gbé àwọn òkúta kéékèèké tó wà nítòsí ẹ̀ mì, gánẹ́ẹ̀tì pupa, tàbí ohun tó ní irin àti súfúrù nínú. Nínú àwọn wọ̀nyí ni nǹkan tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí aago wà, bíi rhenium tó ń di osmium, wọ́n á wọn èyí tó ti yí padà àti èyí tó kù, wọ́n á sì ṣírò ẹ̀ sẹ́yìn. Gíránáìtì Olúmọ wa tá à ń pè ní àpáta ayérayé, nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún ni, ọmọdé ni níwájú ọ̀pọ̀ dáyámọ́ǹdì.

Ó jìn tó báyẹn, báwo ló wá ṣe dé ọwọ́ èèyàn?

Ohun kan ń gbé e gòkè, wàràwàrà sì ni, òun ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Òkúta yíyọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní kimberlite, orúkọ ìlú Kimberley ní South Africa ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìsàlẹ̀ ju ibi tí dáyámọ́ǹdì wà lọ ló ti máa ń gbéra, gáàsì sì kún inú ẹ̀ gan-an. Ẹ ti rí ẹmu tí wọ́n rọ sínú ìgò tí wọ́n dé pa, tí wọ́n wá gbé sínú ọkọ̀ lójú oòrùn láti oko wá. Ẹni tó bá ṣí i ló mọ ohun tójú ẹ̀ rí. Bí kimberlite ṣe ń gòkè ni ẹrù tó wà lórí ẹ̀ ń fúyẹ́, bó ṣe ń fúyẹ́ ni gáàsì ń wú, bó ṣe ń wú ló ń sáré sí i, ó ń ya òkúta tó bá pàdé lójú ọ̀nà, ó ń kó o mọ́ra, dáyámọ́ǹdì wà nínú ohun tó ń kó. Láti 150 kìlómítà dé òkè, àwọn tó ṣírò ẹ̀ sọ pé wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ mélòó kan ló ń gbà. Nígbà tó bá sún mọ́ òkè á bú gbàmù, á gbẹ́ ihò tó fẹ̀ lókè tó sì ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ bíi kárọ́ọ̀tì.

Tí kò bá yára ńkọ́? Òun ni pé lórí ìrìn yẹn prẹ́ṣọ̀ ń dínkù, ooru sì ṣì wà, kábọ̀n á ráyè túnra tò, á di lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù kó tó dé òkè. Èyí ti ṣẹlẹ̀ o, ní Beni Bousera lórílẹ̀-èdè Mòrókò, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ló rọra ń gbé ara ẹ̀ gòkè láìsí kimberlite, lónìí wọ́n ń rí òkúta olójú mẹ́jọ níbẹ̀, bí dáyámọ́ǹdì ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́, àmọ́ dúdú ni, ó ń kù síni lọ́wọ́. Dáyámọ́ǹdì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìrìn ló pẹ́ jù.

Ẹ má sì rò pé kimberlite ló ń ṣe dáyámọ́ǹdì. Ọkọ̀ ni, dáyámọ́ǹdì ni èrò. Èyí tó bú ní Kimberley, nǹkan bí 90 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni, èrò tó gbé sì ti wà ní garéèjì fún bílíọ̀nù ọdún kó tó dé. Ọ̀pọ̀ kimberlite ló sì wà tí kò gbé èrò kankan, kódà níbi tó dáa, ọ̀pọ̀ máìnì ni kì í rí ju kárátì kan lọ nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan, kárátì kan sì jẹ́ gíráàmù 0.2 péré.

Ṣé irú òkè ayọnáyèéfín yẹn ṣì lè bú lónìí?

Kò sẹ́ni tó wà láyé tó rí i rí. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí tí wọ́n mọ̀ ni Igwisi Hills ní Tanzania, nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ti lé ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́ta ọdún.

Òkúta pọ̀ l'Abẹ́òkúta, àní orúkọ ìlú wa gan-an nìyẹn. Ṣé dáyámọ́ǹdì lè wà lábẹ́ Olúmọ?

Mo mọ̀ pé èyí lọ̀pọ̀ yín ń dúró dè. Kò sí ìdí láti máa retí ẹ̀ níbẹ̀ o.

Ẹ rántí pé mo ní ooru àti prẹ́ṣọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Ní ibi tó pọ̀ jù láyé, kẹ́ ẹ tó jìn débi tí prẹ́ṣọ̀ ti tó, ooru á ti pọ̀ jù. Àfi ibi tí ilẹ̀ ti nípọn gan-an tó sì tutù nísàlẹ̀, ilẹ̀ tó ti dàgbà tí ohunkóhun ò tú ká fún bílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Craton ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ sì ń wọlẹ̀ lọ jìnnà ju 200 kìlómítà lọ nígbà míì. Sierra Leone, Guinea, Liberia, dé Ghana níbi tí Akwatia wà, orí craton Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n jókòó sí. Kóńgò àti Àǹgólà, orí craton Kóńgò ni. Àwa ńkọ́? Àárín méjèèjì la bọ́ sí. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn làwọn ilẹ̀ ńlá yẹn fún ara wọn pọ̀, ilẹ̀ wa níbí ló gba gbogbo ẹ̀ sára, ó gbóná, ó ká, òkúta yíyọ́ ń gòkè wọ inú ẹ̀, nínú ooru yẹn ni gíránáìtì ti jáde, Olúmọ wà nínú wọn. Ooru tó bí Olúmọ fún wa yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí dáyámọ́ǹdì gbé ilẹ̀ bíi tiwa.

Èmi ò sì rí i bí àdánù. Àpáta yẹn làwọn Ẹ̀gbá sá wá bá lọ́dún 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ tógun ò lè rí wọn mú. Òkúta tó níyì náà wà nílẹ̀ Yorùbá, tourmaline tó pupa tó sì gíríìnì ń jáde nílẹ̀ Ọ̀yọ́, òkúta ẹfun (limestone) tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì sì wà ní Ewékorò níbí. Dáyámọ́ǹdì ni kò sí nínú tiwa.

Òkúta tí wọ́n tà fún bọ̀dá rẹ ńkọ́?

Ọkùnrin kan ló wá bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní Sierra Leone lòun ti ń bọ̀, ó tú òkúta kan jáde nínú òwú, ó mọ́ bí omi, ó tó ìka ọwọ́ ọmọdé. Ó ní kí wọ́n fi ya díńgí wíńdò, wọ́n fà á, ó sì ya á krà, ó ní ṣé ẹ rí i, dáyámọ́ǹdì nìkan ló ń ya díńgí. Bọ̀dá mi kó owó tí wọ́n fẹ́ fi ra bulọ́ọ̀kù ilé fún un.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí. Mo gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ojú mẹ́fà tó gùn ló ní, bí pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra, orí ẹ̀ ṣóńṣó, ìlà tínrín-tínrín sì dábùú lára ẹ̀. Kúọ́tísì ni. Bí kúọ́tísì ṣe máa ń rí nìyẹn, ó pọ̀ nílẹ̀ wa dé ibi pé ẹ lè ṣa á lẹ́bàá ọ̀nà. Dáyámọ́ǹdì tí wọn ò tíì gé sábà máa ń ní ojú mẹ́jọ, bíi pírámíìdì méjì tí wọ́n fi ìdí kan ara wọn, àmì onígun mẹ́ta kéékèèké sì máa ń wà lójú ẹ̀, ó máa ń dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa. Kúọ́tísì náà le ju díńgí lọ, ọ̀pọ̀ òkúta ló ń ya díńgí, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi díńgí yíya gba owó yín. Mo mí èémí sí i, kùrukùru èémí mi dúró lójú ẹ̀, tó bá jẹ́ dáyámọ́ǹdì kíá ló máa parẹ́ torí dáyámọ́ǹdì máa ń tètè kó ooru kọjá. Bọ̀dá mi ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Òkúta yẹn ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn dòní.

Báwo wá làwọn tó ń wá a ṣe máa ń mọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́?

Wọn kì í wá dáyámọ́ǹdì fúnra ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó kéré jù. Àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ni wọ́n ń wá, gánẹ́ẹ̀tì tó pọ́n bí osùn tàbí tó jọ àwọ̀ ìgbá, àti àwọn òkúta gíríìnì kan, wọ́n á jọ yanrìn odò, wọ́n á máa tọ ipa wọn lọ sókè odò títí wọ́n á fi dé orísun. Ní Jwaneng ní Botswana, yanrìn aṣálẹ̀ Kalahari tó nípọn ló bo kimberlite ibẹ̀, ikán ló fi hàn. Ikán ń wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ gan-an láti wá ọ̀rinrin, ó ń gbé hóró òkúta kéékèèké gòkè wá kọ́ òkìtì ẹ̀, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wá ń rí gánẹ́ẹ̀tì nínú òkìtì yẹn. Lónìí Jwaneng wà lára àwọn máìnì dáyámọ́ǹdì tó lọ́rọ̀ jù láyé.

Ní Sierra Leone, lágbègbè Kono, òjò àti odò ti fọ kimberlite jẹ tipẹ́, dáyámọ́ǹdì ti wà nínú yanrìn odò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jọ ọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí Star of Sierra Leone, kárátì 968.9, lọ́jọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1972.

Kí ló dé tí òmíràn yẹ́lò, tí òmíràn búlúù?

Ohun míì tó bá wọ àárín kábọ̀n ẹ̀ díẹ̀ ni: náítírójìn ló ń sọ ọ́ di yẹ́lò, boron ló ń sọ ọ́ di búlúù, ìtànṣán inú òkúta tó yí i ká lè sọ ọ́ di gíríìnì. Píǹkì àti búráùn, bí ilẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an ló fà á, tí átọ̀mù ẹ̀ wọ́ díẹ̀ lójú ibi tí wọ́n wà.

Wọ́n ní òun ló le jù láyé, ṣé kò lè fọ́ ni?

Ó ń fọ́ o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òkúta míì kì í ya á lójú. Tẹ́ ẹ bá fi hámà lù ú, á là. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ pé dáyámọ́ǹdì gidi kì í fọ́ lábẹ́ hámà ti ba ọ̀pọ̀ èyí tó jẹ́ ojúlówó jẹ́.

Ṣé èyí tó jìn ju 200 kìlómítà lọ wà?

Ó wà, ìyẹn gan-an ló ń mú mi jí lóru nígbà míì. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n tíì rí tó ṣeé gé fún ohun ọ̀ṣọ́, Cullinan, kárátì 3,106, tí wọ́n rí ní South Africa lọ́dún 1905, irú ẹ̀ ń ti 360 kìlómítà sísàlẹ̀ wá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ní boron tó búlúù náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ìsàlẹ̀ gan-an wá.

Lọ́dún 2014, Graham Pearson àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kánádà jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dáyámọ́ǹdì kan láti Juína ní Bràsíì, kékeré ni, búráùn tí kò wu ojú, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n rà á. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti rí hóró ringwoodite, òkúta tí kì í dá àfi níbi tó jìn ju 500 kìlómítà lọ, omi sì wà nínú hóró yẹn, tó ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀. Ẹ wò ó, ohun táwọn ọlọ́jà ń pè ní àbààwọ́n, tó ń já owó òkúta wálẹ̀, òun ló sọ fún wa pé omi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Láìsí dáyámọ́ǹdì tó dé e pinpin bí ìkòkò tí wọ́n lẹ̀ pa, hóró yẹn ì bá ti yí padà lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú nínú òkúta òrùka ìyàwó yín, ẹ má bínú sí i o.

Èyí tí wọ́n ń ṣe ní lábù, ṣé ayédèrú ni?

Dáyámọ́ǹdì ni, kábọ̀n kan náà, líle kan náà. Ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà rí i ṣe lópin ọdún 1954, wọ́n sì kéde ẹ̀ ní 1955, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ kábọ̀n mọ́lẹ̀ nínú ooru bí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣe ń ṣe. Lóde òní wọ́n tún ń fi gáàsì méténì ṣe é, á máa dì ní ìpele ìpele. Ohun tí lábù ò lè fún un ni àkókò. Nínú èyí tó ti ilẹ̀ wá, náítírójìn á ti rìn kiri fún mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọdún títí wọ́n á fi kóra jọ ní méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń fi ẹ̀rọ dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Mo gbọ́ pé òmíràn ń já bọ́ láti ọ̀run?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òkúta ojú ọ̀run tó já bọ́ sí aṣálẹ̀ Sudan lóṣù Kẹwàá ọdún 2008, dáyámọ́ǹdì kéékèèké wà nínú ẹ̀. Ní Popigai ní Síbéríà, ohun ńlá kan já lu ilẹ̀ ní nǹkan bí 35 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù tó wà nínú òkúta ibẹ̀ di dáyámọ́ǹdì lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í wúlò fún òrùka ṣá.

Ṣé ó lè padà di èédú lọ́wọ́ mi?

Lọ́wọ́ yín, rárá. Lóòótọ́, lórí ilẹ̀ níbí, lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù ló yẹ kí kábọ̀n jẹ́, àmọ́ átọ̀mù dáyámọ́ǹdì ti di ara wọn mú débi pé wọn ò lè túra ká láìsí ooru ńlá. Iná ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Nínú atẹ́gùn, tí ooru bá ti tó nǹkan bí 700 sí 800 dígírì, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á di gáàsì, kò sì ní fi eérú sílẹ̀. Torí ẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ wúrà tó mọṣẹ́ fi máa ń fi boric acid pa òkúta lára kó tó gbé iná sún mọ́ òrùka, kó má baà ṣú. Tẹ́ ẹ bá gbé òrùka lọ tún ṣe, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa fi pa á kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.